Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Dí Nínú Ojú: Àmì Tí Dókítà Ń Wò, àti Bí Ìríran Yóò Ti Rí Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kan ní agbègbè wa, ìwé kan wà lórí tábìlì tí kò jọ àwọn yòókù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair ni ó kọ ọ́. Kò tọrọ owó ọjà, kò tọrọ owó ilé, kò sì tọrọ owó ilé-ìwé ọmọ. Owó abẹ́rẹ́ ojú ni ó fẹ́ yá. Dókítà ti sọ fún un pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dí nínú ojú rẹ̀ ọ̀tún, àti pé abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ bèèrè pé: "Bí a bá yá a ní owó yìí, ṣé ojú náà yóò padà bọ̀ sípò?" Kò sí ẹni tí ó lè dá bàbá lóhùn. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.

Ìbéèrè bàbá kò burú rárá. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Òógùn gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í dúró de ìpàdé. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ohun tí àìsàn náà jẹ́, àmì tí dókítà ń wò kí ó tó sọ̀rọ̀, àti ohun tí a lè retí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà Trade Fair ní ọdún 1977 ti di àgbà báyìí. Ọjọ́ orí wọn gan-an ni àìsàn yìí fẹ́ràn jù.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ TI Ń RÌN NÍNÚ OJÚ

Ní ẹ̀yìn ẹyin ojú, nínú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bo ògiri ibẹ̀. Rẹ́tínà ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ni ó ń gba àwòrán ohun gbogbo tí a ń wò, bí fíìmù inú kámẹ́rà àtijọ́ ti ń gba àwòrán. Láàrin gbùngbùn awọ yìí ni ibi kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní mákúlà. Mákúlà ni a fi ń kàwé, òun ni a fi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun ni a sì fi ń mọ ojú ẹni tí ń bọ̀ lọ́nà. Bí ìyókù rẹ́tínà bá dára tí mákúlà sì bàjẹ́, ènìyàn yóò lè rìn nínú ilé láìkọlu àga, ṣùgbọ́n kò ní lè ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀.

Awọ yìí ń jẹun púpọ̀ ju bí ó ti kéré tó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn wá fún un. Iṣan àlọ ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun wá láti inú ọkàn. Iṣan àbọ̀ ni ó ń kó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ tán padà lọ.

Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Trade Fair yóò tètè lóye ohun tí ó kù. Ká ní tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọgbà náà sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn tí ó ń wọlé kò mọ̀. Wọ́n ṣì ń wọlé. Kò pẹ́, ọkọ̀ yóò kún gbogbo ojú ọ̀nà, yóò gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, yóò dí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ bọ̀ kò ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí nínú ojú nígbà tí iṣan àbọ̀ bá dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Iṣan náà yóò wú, ẹ̀jẹ̀ àti omi yóò máa jò jáde sínú awọ náà, ibi tí oúnjẹ kò dé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Kí ni ó ń dí i? Níbi tí iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ bá ti kọjá lórí ara wọn nínú rẹ́tínà, aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wọ̀. Ògiri iṣan àlọ nípọn. Ti iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí bá ti mú kí iṣan àlọ le, kí ó sì nípọn sí i, yóò tẹ iṣan àbọ̀ mọ́lẹ̀ níbi ìkọjá náà, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sáré tẹ́lẹ̀ yóò máa pòyì, yóò sì dì síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àìsàn yìí ń gbà wá. Èkíní ni kí ẹ̀ka iṣan àbọ̀ kan dí. Apá kan rẹ́tínà nìkan ni ó ń kàn. Èkejì ni kí olórí iṣan àbọ̀ fúnra rẹ̀ dí níbi tí ó ti ń gba inú ọ̀já ìríran jáde kúrò nínú ojú. Gbogbo rẹ́tínà ni èyí ń kàn, ó sì le ju èkíní lọ. Nígbà mìíràn, ìdajì rẹ́tínà, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, ni ó ń fara gbá a. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún gbogbo àgbáyé sọ pé ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 30 sí 89 tí ó ní àìsàn yìí tó mílíọ̀nù 28. Ti ẹ̀ka tó ìlọ́po márùn-ún ti olórí iṣan.

ÀWỌN WO NI Ó SÁBÀ Ń ṢE?

Àwọn tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún ni ó pọ̀ jù. Olórí ohun tí ń fà á ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Àtọ̀gbẹ, ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti sìgá mímu ń ran án lọ́wọ́. Àwọn tí ó ní glọkómà, ìyẹn àìsàn tí ìfúnpá inú ojú fi ń pa ọ̀já ìríran díẹ̀díẹ̀, wà nínú ewu olórí iṣan tí ń dí. Bí ó bá ṣe ọ̀dọ́, dókítà yóò bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki jù tàbí ó ń tètè dì, yóò sì bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde náà máa ń ní ìdíwọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ojú.

BÍ Ó TI Ń BẸ̀RẸ̀

Kì í dunni. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí. A ti mọ̀ wí pé ohun tí kò bá dunni kì í yáni lára láti tọ́jú. Ojú kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣe. Ẹlòmíràn yóò sùn ire, yóò jí, yóò rí i pé bí ìkúùkù ṣe bo ojú kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka kan ni ó dí, ó lè jẹ́ apá òkè tàbí apá ìsàlẹ̀ ohun tí ó ń wò ni kò hàn dáadáa.

Nítorí pé ojú kejì ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ̀ títí di ọjọ́ tí erùpẹ̀ kó sí i ní ojú òsì níbi tí ó ti ń tú àpótí ọjà. Ó fi ọwọ́ nu ojú òsì, ó wá rí i pé òun kò rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ó rò pé dígí ojú tuntun ni òun nílò. Ó ra dígí, kò yanjú. Ó ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, kò yanjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

A bẹ̀ yín, ẹ máa ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ẹ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ẹ bo èkejì, ẹ tún wò ó. Bí ojú kan bá yàtọ̀ sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò wò ó di oṣù tí ń bọ̀.

ÀMÌ TÍ DÓKÍTÀ Ń WÒ

Ojú nìkan ni ibi tí a ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní gbangba láìfi ọ̀bẹ kàn án. Láti ọdún 1851 tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ti ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ojú ni èyí ti ṣeé ṣe. Ní ọdún 1878, Julius von Michel, ará Jámánì kan náà, ṣàlàyé bí olórí iṣan àbọ̀ ojú ti ń dí.

Dókítà yóò kọ́kọ́ kán oògùn sí ojú kí ọmọlójú lè ṣí gbayawu. Ojú yóò ṣú fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn èyí, nítorí náà ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lọ. Ẹ mú ẹnì kan dání. Ohun tí dókítà ń wá nínú ojú nìwọ̀nyí:

Àkọ́kọ́, iṣan àbọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó sì lọ gbọọrọ ti wú, ó ti lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò.

Èkejì, ẹ̀jẹ̀ tí ó jò. Èyí tí ó wà lókè awọ máa ń rí bí ahọ́n iná. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ máa ń rí roboto bí ẹ̀kán omi. Bí olórí iṣan ni ó dí, ẹ̀jẹ̀ yóò wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́tínà. Bí ẹ̀ka ni, igun kan ni yóò wà, yóò sì fẹ̀ jáde bí abẹ̀bẹ̀ láti ibi ìkọjá tí ìdíwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè tọ́ka sí ibi náà gan-an.

Ẹ̀kẹta, àmì funfun bí òwú. Èyí ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ebi ń pa awọ náà. Bí òwú náà bá pọ̀, ara ń fu dókítà.

Ẹ̀kẹrin, wíwú mákúlà. Omi tí ó jò ti kó sí àárín gbùngbùn. Èyí ni ó sábà máa ń sọ ìríran di bàìbàì, òun náà sì ni ìtọ́jú òde òní dojú kọ. Ẹ̀rọ kan wà tí ó ń ya àwòrán awọ náà bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e wò, tí dókítà yóò fi mọ bí ó ti wú tó. Kì í dunni, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ipò iṣan àlọ. Bí ó bá ń dán bí wáyà bàbà, tí ó sì tẹ iṣan àbọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru ti pẹ́ nínú ara ẹni náà, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣan ojú lè máa ṣẹlẹ̀ sí ti ọpọlọ, ti ọkàn àti ti kíndìnrín. Nítorí náà, bí dókítà ojú bá ní kí a lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kò yà kúrò lórí ọ̀rọ̀.

IṢAN TUNTUN: ÈYÍ TÍ Ó DÁRA ÀTI ÈYÍ TÍ Ó BURÚ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, dókítà lè sọ pé òun rí iṣan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oríṣi méjì ni, wọn kò sì jọra.

Nígbà tí ọ̀nà Àgbádárìgì bá dí pa, àwọn awakọ̀ tí ó mọ àdúgbò yóò gba First Gate wọ inú Festac, wọn yóò sì wá ọ̀nà mìíràn jáde. Ojú náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣan kéékèèké tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ yóò fẹ̀ sí i, yóò sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó dí kọjá. Iṣan ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ nìyí. Kì í jò, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ara ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. A kì í fi iná lésà jó o.

Oríṣi kejì ni iṣan tí ebi bí. Apá rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò máa tú ohun kan jáde, bí ẹni tí ń ké gbàjarè, pé kí ara hu iṣan tuntun fún òun. Iṣan náà yóò hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọ bí èèhù ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ó bá hù lórí rẹ́tínà, ó lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ kún inú ojú. Bí ó bá hù síwájú, sára awọ aláwọ̀ tí ó yí ọmọlójú ká, yóò dí ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde. Ìfúnpá ojú yóò ga sókè, ojú yóò pọ́n, orí yóò fọ́, ẹni náà lè máa bì, ìríran tí ó kù yóò sì lọ. Àwọn dókítà àtijọ́ ń pè é ní glọkómà 100 ọjọ́, nítorí pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí olórí iṣan dí ni ó sábà máa ń yọjú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àìsàn tí kò dunni rárá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè di ìrora tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn ní oṣù kẹta. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń sọ pé kí ẹni tí olórí iṣan ojú rẹ̀ dí máa padà wá lóṣooṣù fún oṣù 6 àkọ́kọ́, bí ojú kò bá tilẹ̀ dùn ún.

ṢÉ OJÚ YÓÒ PADÀ?

A dé orí ìbéèrè bàbá. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán. Ohun mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ń wò.

Èkíní: ẹ̀ka ni ó dí, tàbí olórí iṣan? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka, ìrètí pọ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní ti ẹ̀ka ni ìríran wọn ń padà sí ipò tí ó dára díẹ̀, kódà láìsí ìtọ́jú, bí mákúlà kò bá bàjẹ́.

Èkejì: báwo ni ẹni náà ti ríran tó ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé? Ẹ mọ pátákó lẹ́tà tí wọ́n ń ní kí a kà ní ilé ìwòsàn. 6/6 ni ojú tí ó pé. 6/12 túmọ̀ sí pé ohun tí ojú pípé lè kà láti mítà 12, ẹni náà ní láti sún mọ́ ọn ní mítà 6. 6/60 ni ẹni tí lẹ́tà ńlá òkè pátápátá nìkan hàn sí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé àwọn tí olórí iṣan ojú wọn dí fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Nínú 100 tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6/12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 65 ni ó dúró síbẹ̀. Nínú 100 tí ó wà láàrin, tí ojú wọn kò tó 6/12 ṣùgbọ́n tí kò burú ju 6/60 lọ, 19 ni ó sàn sí i, 44 wà bí wọ́n ti wà, 37 sì burú sí i. Nínú 100 tí ojú wọn ti burú ju 6/60 lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 80 ni kò kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí pé èyí ṣáájú àsìkò abẹ́rẹ́ tí a ní lónìí.

Ẹ̀kẹta: ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé rẹ́tínà, tàbí ebi ti ń pa á? Láti mọ èyí, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ ta aró aláwọ̀ ìyeyè sí iṣan apá, kí ó sì ya àwòrán bí aró náà ti ń gba inú iṣan ojú kọjá. Ibi tí aró kò dé, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ara àti ìtọ̀ lè pọ́n rúsúrúsú fún ọjọ́ kan; kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù. Dókítà a tún máa tan iná sí ojú méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọlójú èyí tí ń ṣàìsàn kò bá sún kì bí ó ti yẹ, àmì ebi ni. Irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé kò léwu tó èyí tí kò dé, ṣùgbọ́n ó lè yí padà: nínú ìwádìí kan náà, 34 nínú 100 irú tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ni ó di irú kejì láàrin ọdún mẹ́ta. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí a sá fún àyẹ̀wò.

ÌTỌ́JÚ TÍ Ó WÀ

Kò tíì sí oògùn tí ó dájú pé ó ń ṣí iṣan tí ó dí náà. Wíwú mákúlà àti iṣan tí ebi bí ni ìtọ́jú ń lé lọ.

Láyé àtijọ́, iná lésà nìkan ni ó wà. Ní ọdún 1984, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú àwọn tí ẹ̀ka iṣan wọn dí tí mákúlà wọn sì wú, 65 nínú 100 tí a fi lésà tọ́jú ni ó jèrè ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí pátákó lẹ́tà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta; nínú àwọn tí a kò tọ́jú, 37 ni. Títí di òní, lésà ni a fi ń pa ẹnu apá rẹ́tínà tí ebi ń pa mọ́, kí ó má ṣe ké pe iṣan tuntun mọ́.

Láti ọdún 2010 ni abẹ́rẹ́ inú ojú ti gba ipò iwájú. Oògùn náà ń dí ẹnu igbe ebi tí a sọ lókè, omi inú mákúlà yóò sì fà. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún náà lórí oògùn ranibizumab, nǹkan bí 46 sí 48 nínú 100 àwọn tí olórí iṣan wọn dí ni ó jèrè ìlà mẹ́ta lẹ́yìn oṣù 6; nínú àwọn tí a kò fún ní oògùn náà, 17 péré ni. Oògùn mìíràn wà tí ń jẹ́ bevacizumab, tí wọ́n ṣe fún àrùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí àwọn dókítà ojú ń lò nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́. Ìwádìí kan ní ọdún 2017 fi hàn pé kò rẹ̀yìn sí oògùn olówó ńlá kan láàrin oṣù 6 àkọ́kọ́ fún àwọn tí olórí iṣan wọn dí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà yín èyí tí ó bá ojú yín àti àpò yín mu.

Wọ́n a kọ́kọ́ kán oògùn tí ń pa ojú kú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ̀rù rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. A sábà máa ń gbà á lóṣooṣù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹyọ kan tí ó sì dáwọ́ dúró kò tíì ṣe ìtọ́jú. Bí ojú bá pọ́n, tí ó ń dunni, tí ó sì tún ṣókùnkùn sí i ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ padà lọ ní wàrà-wéré. Kòkòrò lè ti wọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe fọ ojú pẹ̀lú ìtọ̀, omi iyọ̀ tàbí wàrà ọmú. Ẹ má ṣe máa kán oògùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún yín. Àwọn kan wà tí ń gbé ìfúnpá ojú sókè. Ẹ gba àdúrà yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Fún àwa tí a wà ní Festac, Amuwo-Odofin àti Trade Fair, ilé ìtọ́jú ojú Guinness Eye Centre wà nínú LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH sì wà ní Ìkẹjà. Àwọn ará wa tí ó wà ní òkè ní UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ sọ pé dókítà tí ń tọ́jú rẹ́tínà ni ẹ fẹ́ rí.

ÌDÁHÙN FÚN BÀBÁ

Ìgbìmọ̀ náà tún pàdé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mú ìwé dókítà wá: olórí iṣan ni ó dí, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé rẹ́tínà, mákúlà wú, ojú náà ń ka 6/36. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó jẹ́ 190/110, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ní in. Àwọn onídùúró méjì fọwọ́ sí ìwé, ìgbìmọ̀ sì yá a ní owó abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Kò padà sí bí ó ti wà. Ojú náà ka 6/18 nígbà tí a kọ ìwé yìí. Ó ń rí ojú oníbàárà rẹ̀, ó ń rí owó kà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a ka nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí ó wà lára ẹ̀yà ọkọ̀. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ òsì sì wà ní pípé. Ó sì ń san ẹ̀yáwó náà padà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún bàbá nìyí: a kò lè ṣèlérí pé ojú náà yóò padà bọ̀ sípò. Ohun tí owó náà ń rà ni ìrètí kí ó sàn díẹ̀, ìṣọ́ kí ó má ṣe di glọkómà onírora, àti ìkìlọ̀ tí ó lè gba ojú kejì là, kí ó sì gba ẹ̀mí là. Oṣù kan tí a fi sún ọ̀rọ̀ síwájú kì í ṣe ohun kékeré nínú àìsàn tí à ń ka ọjọ́ rẹ̀ dé 100.

A ń rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ṣe ohun mẹ́ta. Kí a ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a máa gbé e wá sí ìpàdé oṣooṣù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti tó 140/90, kí ó lọ rí dókítà. Kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó ìlera tí alága, akọ̀wé àti akápò lè fọwọ́ sí láìdúró de ìpàdé. Kí a sì kọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bí a ti ń bo ojú kan wo èkejì.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí àwa náà ṣọ́ ojú tí a fi ń ṣọ́ owó wa.